Ọ̀gbẹ́ni Gbénró àti Ìwé Ẹ̀rí Ṣílè Mẹ́ta àti Sísì

Nimotalahi ará Àgọ́-Ìwòyè ló kọ́kọ́ sọ fún Asimawu pé ìjọba ti rán ẹnìkan wá mú àwọn ọlọ́kọ̀. Ọjọ́ ọjà ni, ní ọdún méjì ṣáájú òmìnira. Àwọn méjèèjì jókòó lé agbọ̀n ẹja gbígbẹ létí omi ní Makun-Omi, wọ́n ń retí ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò gbé wọn padà sókè.

"Ìyá Mùbàṣírù, ìjọba Ìbàdàn ti gbọ́ o," ni Nimotalahi wí. "Ọ̀gá kan ti dé sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa mú àwọn oníṣòwò ńlá tí ń fẹnu kò ní kọ̀rọ̀ láti bu owó lé ọjà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Àbúrò ọkọ mi tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì náà."

"Ṣé ọ̀gá náà ti mú ẹnikẹ́ni?"

"Kò tíì mú ẹnì kankan. Àga rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń tò."

Asimawu pòṣé. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, tó fi ẹja tọ́ ọmọ mẹ́rin, kì í torí àga yọ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kò lọ́jú pọ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ná Makun-Omi, ṣílè méjì ni wọ́n ń gbà lórí agbọ̀n ẹja kan dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó wá di ọjọ́ ọjà kan, epo ọkọ̀ kò wọ́n sí i, afárá kankan kò já, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ ní ṣílè mẹ́ta àti sísì ni, ìyẹn ṣílè mẹ́ta àti ààbọ̀. O bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Adéníran, o lọ bá ti Àlímì, ṣílè mẹ́ta àti sísì. O fi ti Àlímì sílẹ̀, o sáré bá ti Akínbọ́lá, iye kan náà, bí ẹni pé ìyá kan ló bí gbogbo lọ́rì náà lóòrùn ọjọ́ kan. Agbọ̀n méjìlá ni Asimawu ń rù ní ọjà kọ̀ọ̀kan. Ṣílè méjìdínlógún ló ń bá ẹ̀fúùfù lọ ní gbogbo ìgbà tó bá lọ tó bọ̀. Èrè ti tán nínú ẹja náà. Ojú owó ló kù tí wọ́n ń jẹ, ó sì mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ń lọ: bí ojú owó bá tán, orí ni yóò máa fi ru agbọ̀n olówó kiri fún tọ́rọ́ tọ́rọ́, bó ṣe ṣe lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó ti búra pé òun kò ní padà síbẹ̀.

"Kí ó to àga rẹ̀ tán ná," ló sọ. "A ó wo ohun tí yóò fi ìdí ṣe lórí rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí a wá rọra sọ̀rọ̀ ẹni tó ni àga. Orúkọ rẹ̀ ni Zechariah Gbénró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ kò ní rí i bá sọ̀rọ̀. Ohun tí a gbọ́dọ̀ pè é ni Ọ̀gbẹ́ni Zechariah Gbénró, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Àmójútó Iye Owó ní Ìjẹ̀bú Òkè títí dé Etí Omi. Bí èémí rẹ bá já kí o tó dé Etí Omi, wàá tún un bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi pákó gbé àga òun ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó má bá òun dọ́gba. Nínú ọ̀sẹ̀ tó dé, kí ó tó béèrè iye tí agbọ̀n ẹja kan ń san, ó ti kọ ìwé sí gbogbo iléèwé tó wà lójú ọ̀nà, láti Àgọ́-Ìwòyè dé Òrù dé Mamu: nígbàkígbà tí ọkọ̀ òun bá ń kọjá, kí àwọn ọmọ tò sí ẹ̀bá títì, kí wọ́n kọrin, kí ọ̀gá iléèwé sì ka ìwé ìkíni tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ojú ewé méjì. Ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tí orin ọmọdé fi kan iye owó ọkọ̀. Àwọn ọ̀gá iléèwé náà béèrè, ó sì ní ìwé wọn kò ní àmì ìdánudúró tó péye, kí wọ́n lọ tún un kọ.

Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀, Asimawu wà níbẹ̀. Ó dúró sẹ́yìn pẹ̀lú atẹ ẹja rẹ̀ lórí, nítorí kò sẹ́ni tó lè torí ọ̀rọ̀ jẹ́ kí ẹja bàjẹ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn Ìjẹ̀bú-Igbó," ni Gbénró bẹ̀rẹ̀, nínú kóòtù dúdú tí òógùn ti sọ di aláwọ̀ ewéko, "ẹ̀yin Àgọ́-Ìwòyè, ẹ̀yin Òrù, ẹ̀yin ará etí omi tí oore-ọ̀fẹ́ ojú mi kò tíì tó, ayọ̀ yín kún. Bí oòrùn bá yọ, ṣé àtùpà a máa bá a jiyàn? Èmi ni oòrùn náà. Òfin ti sọ ọ́, èmi náà sì tún un sọ kí ó lè dùn ún gbọ́: àwọn oníṣòwò tó bá ṣe àdéhùn ìkọ̀kọ̀ láti jọ máa gba iye kan náà lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn ni owó ìtanràn wọn, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde wá jẹ́wọ́ ní Ìbàdàn, òfin yóò fojú àánú wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ nìkan. Ẹnì kejì ti pẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dára. Ibi tí ì bá ti jókòó nìyẹn. Ó tún wá fi wákàtí kan àti ààbọ̀ sọ ìtàn ẹ̀bùn tó gbà ní iléèwé nítorí ìwé kíkọ tó mọ́ tónítóní. Ní iwájú pátápátá, Olóyè Adéníran tó ni lọ́rì mẹ́sàn-án ń pàtẹ́wọ́ níbi gbogbo tí Gbénró bá ti mí.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọlọ́kọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá kí i ní ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà tàn kálẹ̀ nítorí àbúrò ọkọ Nimotalahi tó ń gbálẹ̀ wà lẹ́yìn fèrèsé, ilẹ̀ ibẹ̀ sì pọ̀ ní gbígbá.

"Ọ̀gá," ni Adéníran wí, tí ó ti dọ̀bálẹ̀ tí ikùn rẹ̀ kan ilẹ̀, "láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo tó ti àná. Nígbà tí mo délé, ara mi ń dùn mí bí ẹni ru àpò iyọ̀."

"Wallahi, èmi sunkún," ni Alájì Àlímì wí. "Ìyàwó mi rò pé ẹnìkan kú."

"Mo kín in lẹ́yìn," ni Akínbọ́lá wí. Ọkùnrin yìí kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ogún ọdún ló ti fi wà nínú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kíkín lẹ́yìn nìkan ló sì rí kọ́ níbẹ̀.

Gbénró rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ń fi ẹ̀rín tọrẹ. "Ẹ wá sọ òótọ́ fún mi gẹ́gẹ́ bí baba yín. Ṣé ẹ fẹnu kò lórí ṣílè mẹ́ta àti sísì yìí?"

Àwọn mẹ́ta wo ara wọn. "Ọ̀gá, a kàn gba ara wa nímọ̀ràn ni," ni Adéníran wí. "Ní ẹ̀yìnkùlé Akínbọ́lá, lẹ́bàá ilé adìyẹ."

Gbénró dìde. Ojú rẹ̀ le. Àwọn mẹ́ta rò pé ọjọ́ ti pé.

"Lẹ́bàá ilé adìyẹ? Láìsí alága? Láìsí àkọsílẹ̀ ìpàdé? Ẹni tó dá àbá ńkọ́, ẹni tó kín in lẹ́yìn ńkọ́?"

"Èmi kín in lẹ́yìn," ni Akínbọ́lá wí.

"Kò sí lákọsílẹ̀, nítorí náà kò ṣẹlẹ̀. Ẹ gbọ́ mi. Kí ni òfin kọ̀? Àdéhùn ìkọ̀kọ̀. Bí a bá kọ àdéhùn sílẹ̀, tí a tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta, tí mo sì lu òǹtẹ̀ ìjọba mọ́ ọn, níbo ni ìkọ̀kọ̀ náà kù sí?"

Adéníran ti dé kóòtù ní ìgbà méje láyé rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìdí. Ṣùgbọ́n irọ́ tó bá bo ni ní ìhòòhò, aṣọ ni. Ó tún dọ̀bálẹ̀.

Bí Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Onífẹ̀ẹ́ Ìtẹ̀síwájú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Gbénró sì ni alága. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń jókòó. Wọ́n á gbàdúrà Mùsùlùmí, wọ́n á gba ti Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, Akínbọ́lá á kín in lẹ́yìn, wọ́n á sì fi pọ́n-ùn márùn-ún sínú àpò ìwé fún alága, wọ́n pè é ní owó omi ọ̀fun. Grace, obìnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ ìwé ní ọ́fíìsì, ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Gbénró wá ṣe ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo lọ́rì, tó ní òǹtẹ̀ aláró lábẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: *Ìwé Ẹ̀rí pé Àwọn Ọlọ́kọ̀ Wọ̀nyí Kò Fẹnu Kò ní Ìkọ̀kọ̀. Iye tí Wọ́n Jọ Fẹnu Kò sí ni Ṣílè Mẹ́ta àti Sísì.* Ó tún pàṣẹ pé kí wọ́n máa já tíkẹ́ẹ̀tì fún agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí iye owó wà lára rẹ̀, kí ayé lè rí i bí ètò ṣe gún. Ẹyọ kan nínú ẹ̀dà mẹ́ta àkọsílẹ̀ ìpàdé, ó ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn tó wà lókè lè mọ irú ẹni tí wọ́n fi pamọ́ sínú igbó.

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, bóyá ẹ rò pé a ń bu àbùmọ́. Ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀bú rí. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, tí a kò gba owó ìtanràn lé lórí, kì í ṣe ìpàdé.

Owó ìtanràn ọ̀hún ló sì dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Sàláwù, lọ́rì kan ṣoṣo ló ní, ó sì ti wọ ẹgbẹ́ náà nítorí ẹ̀rù. Ní ọjọ́ ọjà kan, Asimawu bá a létí omi.

"Sàláwù, kí ìyá rẹ tó kú, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra ẹja àwìn," ló sọ fún un. "Èló lo máa gbà?"

Sàláwù họ orí. "Ìyá Mùbàṣírù, ẹ mú ṣílè méjì wá. Kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Agbọ̀n ẹja méjìlá kò ṣe é kó pamọ́ sábẹ́ gèlè. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n pe Sàláwù síwájú ẹgbẹ́. Gbénró bá a wí fún ìṣẹ́jú ogójì, ó ní ó ti ba iyì ètò jẹ́, ó ti jẹ́ kí mẹ̀kúnnù mọ ohun tí kò yẹ kí ó mọ̀. Wọ́n bu pọ́n-ùn márùn-ún lé e. Ó sì gba rìsíìtì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Sàláwù gbé rìsíìtì náà wá bá Asimawu. Òun kò mọ̀wé, Asimawu náà kò mọ̀ ju kí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní wúruwùru.

"Wọ́n ti dè mí lẹ́sẹ̀," ló wí. "Láti òní lọ, mo gbọ́dọ̀ máa gba ti gbogbo wọn."

"Mú ìwé yẹn wá," ni Asimawu wí. "Mo fẹ́ lọ bi ẹni tó kọ ọ́."

Ó dé ọ́fíìsì ní aago mẹ́sàn-án. Aago méjìlá ni wọ́n tó pè é wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí Gbénró, nítorí ilé ló ti kọ́ ẹ̀kọ́, ó sì dìde nígbà tí kò rí ẹni dáhùn.

"Ọ̀gá, ẹjọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ni mo bá wá. Gbogbo wọn ló ń gba iye kan náà."

"Ṣé o ti kọ ẹjọ́ náà ní ẹ̀dà mẹ́ta?"

"N kò mọ̀wé kọ."

"Nígbà náà, kò tíì sí ẹjọ́. Ìró ni." Gbénró fi ara ti àga. "Ṣùgbọ́n èmi a máa ṣàánú. Gbọ́, obìnrin yìí. Bí iye kan kò bá tọ́, ṣé gbogbo wọn á lè gbà á? Bí ọkùnrin kan bá ní ilẹ̀ ń mì, a lè jiyàn. Bí ọkùnrin mẹ́rin bá sọ ọ́, ilẹ̀ ń mì ni."

"Bí olè mẹ́rin bá sì wọ ilé mi lóru kan náà, ọ̀gá, ṣé ilé ti di tiwọn ni?"

Ẹni tó ń gbálẹ̀ wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín. Gbénró lu agogo orí tábìlì. "O kò ní èdè. Jáde lọ kọ́ èdè wá."

"Èdè tí mo ní yìí ni mo fi ná Makun-Omi fún ogún ọdún," ni Asimawu wí. Ó jáde.

Grace wà níta lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀. Ọmọ tíṣà Mẹ́tọ́díìsì ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Gbénró sì ti gé owó oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ó gbàgbé láti fi "Pátápátá" sí orúkọ rẹ̀. Asimawu gbé rìsíìtì síwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, kà á fún mi."

Grace kà á bí ẹni ń ka ìwé ìkéde ìsìnkú. "*A gbà lọ́wọ́ Sàláwù pọ́n-ùn márùn-ún, fún ẹ̀ṣẹ̀ gbígba ṣílè méjì dípò ṣílè mẹ́ta àti sísì tí ẹgbẹ́ fẹnu kò sí. Z. Gbénró, Alága.* Òǹtẹ̀ ìjọba sì wà níbẹ̀, Mà."

Asimawu ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà.

"Ṣé ó mọ̀ pé òun ló fọwọ́ sí èyí?"

"Ìgbà mẹ́ta ló fọwọ́ sí i, Mà. Ó ní ti àkọ́kọ́ kò rẹwà tó."

Asimawu kò lọ sílé. Ilé Sàláwù ló gbà lọ. "Ṣé o wà níbi tí ọkùnrin náà ti ń sọ ìtàn ẹ̀bùn iléèwé?"

"Mo wà níbẹ̀. Mo sùn."

"Èmi kò sùn. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ní Ìbàdàn, òfin á fi í sílẹ̀. Ẹnì kejì ti pẹ́. Ìwé ẹ̀rí ọ̀ràn wọn rèé lọ́wọ́ rẹ, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú fún ọ."

"Ìyá, wọ́n á fọ́ mi."

"Wọ́n ti ń fọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Èmi ń kó ojú owó mi fún wọn ní ọjọ́ ọjà gbogbo, wọ́n sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi bí ẹni pé mo lọ wo eré. Bí ìwọ kò bá lọ, mo máa fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìbàdàn."

Sàláwù mọ̀ pé yóò rìn ín lóòótọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ní ìdájí, lọ́rì rẹ̀ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Sàláwù ló ń wa ọkọ̀, Asimawu jókòó níwájú, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ṣófo. Wọ́n dúró ra epo ní Òrù, àfi bí wọ́n ṣe bá Olóyè Adéníran níbẹ̀, tó ń bá onílé-epo jà.

"Sàláwù, níbo lẹ ń lọ?" ni Adéníran béèrè.

Sàláwù ń wá irọ́, kò tètè rí i. Asimawu ló dáhùn. "A fẹ́ kí ìbátan mi kan ní Ìbàdàn ni, Olóyè."

Adéníran wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Oníṣòwò ni. Lọ́rì tó ń lọ Ìbàdàn láìru ẹrù, ẹjọ́ ló rù. Ó kàn rẹ́rìn-ín. "Ẹ kí ìbátan náà fún mi." Wọn kò tíì kọjá ilé kẹwàá tí òun náà fi kó sínú lọ́rì rẹ̀, tó sì kọ iwájú rẹ̀ sí ọ̀nà Mamu. Kò sọ fún Àlímì. Ṣùgbọ́n Àlímì rí i bó ṣe ń kọjá pẹ̀lú eré, ní ọjọ́ ìpàdé, ó sì ro ọ̀rọ̀ náà débi tí ó yẹ. Òun náà gbéra. Akínbọ́lá rí Àlímì. Kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé wọn.

Ní òkè Mamu, Asimawu bojú wẹ̀yìn, ó rí eruku mẹ́ta tó ń lé wọn bọ̀.

"Má dúró," ló sọ fún Sàláwù.

"Ìyá, ẹnjíìnì ń gbóná."

"Inú tèmi náà ń gbóná. Máa wà á lọ."

Àwọn ọlọ́kọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kọjá ara wọn lójú ọ̀nà tóóró náà. Bí ọ̀kan bá ti bá èkejì dọ́gba, á yọ orí jáde kí i. "Alájì, ṣé àlàáfíà?" "Àlàáfíà ni, Olóyè. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣàìsàn." "Ti èmi náà ń ṣàìsàn. Ẹ rọra o." Wọ́n á sì tún fi eruku bo ara wọn lójú. Irú ìfẹ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ náà nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Gbénró ńkọ́? Grace ló padà wá sọ ọ́ fún Asimawu. Ní aago mẹ́wàá, alága dé ìpàdé, ó bá àga mẹ́rin tó ṣófo. Ó jókòó. Ó gbàdúrà méjèèjì fúnra rẹ̀. Ó bu ṣílè kọ̀ọ̀kan lé gbogbo wọn fún pípẹ́ lẹ́yìn, ó ní kí Grace kọ ọ́ sílẹ̀. Grace kọ ọ́ sílẹ̀ tán kí ó tó lanu.

"Ọ̀gá, wọ́n ní ọ̀nà Ìbàdàn ni gbogbo wọn gbà."

"Kí ni wọ́n lọ ṣe ní Ìbàdàn?"

"N kò mọ̀, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé ẹnì kejì ti pẹ́."

Wọ́n ní ojú rẹ̀ yí padà bí ẹ̀kọ tó bàjẹ́. Ó sáré wọ ọkọ̀ ìjọba, ó ní kí awakọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé Òrù. Ní Òrù, igba ọmọ iléèwé ti tò sí ẹ̀bá títì, nítorí wọ́n ti rí ọkọ̀ náà láti òkè. Wọ́n kọrin ẹsẹ mẹ́fà. Ọ̀gá iléèwé tú ìwé jáde, ojú ewé mẹ́rin, àmì ìdánudúró rẹ̀ sì péye. Gbénró ní òun ń kánjú. Ọ̀gá iléèwé náà tẹríba, ó ní òun mọ̀ pé ìdánwò ni, òun kò sì ní ṣubú nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ: "Ọ̀gbẹ́ni Zechariah Gbénró, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá..." Lọ́jọ́ náà nìkan, Gbénró ní kí wọ́n gé e kúrú. Wọn kò gbà.

Ó tún bá iléèwé méjì mìíràn lójú ọ̀nà kí ó tó dé Mamu, àti ọ̀kan ní Mamu fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi àdàbà méjì kún orin.

Ní Ìbàdàn, lọ́rì Sàláwù kú sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì àmójútó iye owó gan-an, ooru ń jáde lórí rẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n bá níbẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Àìná. Ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú ló wọ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísè lórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí wọ́n fi ìdì ìwé kan gbé sókè.

"Ẹ jókòó," ló wí. Asimawu kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní ọ́fíìsì ìjọba, ìdí nìyẹn tí kò fi tètè jókòó.

Sàláwù gbé rìsíìtì kalẹ̀, ó jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ilé adìyẹ. Asimawu tú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, méjìdínláàádọ́sàn-án, ti Adéníran ni gbogbo rẹ̀, ọjà mẹ́rìnlá. Àìná ka rìsíìtì náà, ó dẹ́kun jíjẹ.

"Ṣé irú èyí tún wà?"

"Wọ́n ní ẹ̀dà kan ń wá síbí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì," ni Asimawu wí.

Àìná ronú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìdì ìwé yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Tábìlì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àgbàdo yí lọ sẹ́bàá ògiri. Ó fẹ́ eruku kúrò, ó ṣí ti òkè: *Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀. Àbá: kí a má ṣe dín owó ọkọ̀ kù. Ẹni tó dá a: Adéníran. Ẹni tó kín in lẹ́yìn: Akínbọ́lá.* Ó ka èkejì. Ó ka ẹ̀kẹta. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì fún ẹ̀rín.

Ibẹ̀ ni Adéníran ti já wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Àlímì àti Akínbọ́lá lẹ́yìn rẹ̀. "Mo wá jẹ́wọ́," ni Adéníran wí.

"Ẹnìkan ti ṣáájú yín," ni Àìná wí.

"Nígbà náà, n kò ní nǹkan kan láti jẹ́wọ́."

"Ó ti pẹ́ fún ìyẹn náà, Olóyè. Ẹ ti ń jẹ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì."

Gbénró dé nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, òdòdó wà ní ọrùn rẹ̀, ìyẹ́ àdàbà wà ní èjìká kóòtù rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti dá ẹjọ́ náà. Asimawu pa ọjà kan jẹ láti lọ gbọ́ ọ, kò sì kábàámọ̀. Agbẹjọ́rò Gbénró ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ: kí ó ní ìwé náà kì í ṣe tòun, wọ́n yí i ni. Adájọ́ gbé àkọsílẹ̀ sókè.

"Ǹjẹ́ òótọ́ ni ohun tí a kọ síhìn-ín, àbí àṣìṣe wà nínú rẹ̀?"

Agbẹjọ́rò ń ṣẹ́jú sí i. Gbénró na ọrùn. Ẹ wo ẹni tí ọ̀nà ìyè ṣí sílẹ̀ fún, gbàgàdà.

"Olúwa mi," ló wí, "láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe àkọsílẹ̀, àṣìṣe kan kò wọ inú rẹ̀ rí. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ló sì ṣẹlẹ̀."

Agbẹjọ́rò rẹ̀ jókòó. Nígbà tí ìjọba sọ pé kí kóòtù gba ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, Akínbọ́lá dìde láàárín àwọn olùjẹ́jọ́, ó ní, "Mo kín in lẹ́yìn." Ogún ọdún kò ṣe é gbàgbé lọ́jọ́ kan.

Wọ́n yọ Gbénró níṣẹ́, ó lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Wọ́n ní nígbà tí wàdà ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, Zechariah Gbénró ló kọ, kò kọ nǹkan kan kún un. Àwọn ọlọ́kọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi Sàláwù sílẹ̀. Adájọ́ tún ní, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí wọ́n dá ṣílè kan àti sísì padà lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá mú tíkẹ́ẹ̀tì wá.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni Adéníran tó jókòó sí gbọ̀ngàn ìlú láti san án. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tò dé ojú títì, Nimotalahi wà lẹ́yìn, Asimawu ló wà níwájú. Adéníran dìde, ó gbé apá agbádá sórí èjìká.

"Ẹ̀yin ìyá wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin òpó tó gbé ọrọ̀ ajé Ìjẹ̀bú ró, nígbà tí mo bá wo ojú yín..."

"Olóyè, ẹ jókòó," ni Asimawu wí. "Ọ̀rọ̀ kọ́ la wá gbà."

Ó jókòó. Wọ́n ka tíkẹ́ẹ̀tì, ó pé méjìdínláàádọ́sàn-án. Adéníran ka pọ́n-ùn méjìlá àti ṣílè mẹ́wàá, ó tì í síwájú.

"Ó ku ṣílè méjì."

"Ìyá, ẹ gbọ́. Owó ìwé ni wọ́n yọ níbẹ̀. Bí a ṣe fẹ́ ṣe é fún gbogbo ènìyàn nìyẹn."

"Ta lẹ jọ fẹnu kò sí i?"

Gbogbo ìlà náà rẹ́rìn-ín. Adéníran kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tún wo Asimawu, tó ti fa àpótí kan mọ́ra, tó sì jókòó lé e bí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ gùn. Ó tú àpò wò. Ó rí ṣílè kan. Ó tún un tú, ó rí sísì kan. Ó ní kí awakọ̀ òun yá òun ní sísì.

Asimawu kà á lẹ́ẹ̀mejì, pọ́n-ùn méjìlá àti ṣílè méjìlá, ó sì so ó mọ́ etí ìró.

"Ó pé," ló wí, ó dìde kí Nimotalahi lè jókòó.